SOICHIRO HONDA: ỌMỌ ALÁGBẸ̀DẸ TÍ Ó FI Ẹ̀RỌ KÉKERÉ DI ÌLÚMỌ̀-Ọ́N-KÁ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìtàn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ẹ̀rí pé òwe náà kì í ṣe fún àwa ará ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ láàárín wa, nítorí pé ara irin ni a ti ń kà á: lára ọkọ̀, lára alùpùpù, lára jẹnẹrétọ̀, lára ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni ó rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ lásán ni Honda. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni, ẹni tí ó ti di ará ọ̀run láti ọdún 1991. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ ọ̀gá, mẹkáníìkì ni ó sì ka ara rẹ̀ sí títí ó fi dákẹ́.

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn rẹ̀, owó àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Ohun tí èmi fẹ́ kí á yẹ̀ wò ni ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀: ibi tí ìmọ̀ náà gbé e dé, ibi tí ó ti kọsẹ̀, àti ohun tí ó ṣe nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ òun nìkan kò tó pẹpẹ.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1906 ni a bí Soichiro Honda ní abúlé Komyo, nítòsí ìlú Hamamatsu ní ilẹ̀ Jàpáànì. Alágbẹ̀dẹ ni Gihei, baba rẹ̀. Mika, ìyá rẹ̀, a sì máa hun aṣọ. Òun ni àkọ́bí wọn. Ẹni tí ó bá ti dé ilé àgbẹ̀dẹ rí yóò mọ irú ilé tí ọmọ náà dàgbà sí: iná ń jó, ewìrì ń fẹ́, owú ń dún lórí irin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní agbègbè wọn, Gihei fi títún kẹ̀kẹ́ ṣe kún iṣẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ọmọ rẹ̀ ṣe mọ̀ láti kékeré pé ohun tí ó bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí ó parí.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wọ abúlé náà. Soichiro kò rí irú rẹ̀ rí. Ó sáré tẹ̀lé e títí. Nígbà tí ọkọ̀ náà dúró, epo kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà tẹ̀ ba, ó gbóòórùn epo náà, ó sì fi pa ọwọ́. Títí ó fi di àgbàlagbà ni ó ń sọ̀rọ̀ òórùn ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1917, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Art Smith, ẹni tí ń fi bàálù dárà lójú sánmà, wá sí Hamamatsu. Soichiro yọ́ kẹ̀kẹ́ baba rẹ̀ gbé. Kẹ̀kẹ́ náà ga jù ú lọ, kò lè jókòó lórí àga rẹ̀. Nítorí náà ó ti ẹsẹ̀ kan bọ àárín irin rẹ̀, ó sì ń wà á bẹ́ẹ̀ títí ó fi rin nǹkan bí ogún kìlómítà. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó owó ìwọlé. Ó bá gun igi, orí igi ni ó sì ti wo bàálù náà. Nígbà tí ó padà délé, baba rẹ̀ gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ òun fi ojú ara rẹ̀ rí bàálù, ìbínú náà rọlẹ̀.

Ní ti ilé-ìwé, ìwé kíkà kò wọ̀ ọ́ lára, máàkì rẹ̀ kò sì dára. Àwọn òbí ní láti tẹ òǹtẹ̀ ìdílé wọn sí ìwé àbájáde ọmọ, kí olùkọ́ lè mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Soichiro gé rọ́bà lára kẹ̀kẹ́, ó fi gbẹ́ ayédèrú òǹtẹ̀, ó sì ń fi tẹ ìwé tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fura. Ni ó bá gbẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà fún wọn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Bí a bá kọ orúkọ Honda ní ọ̀nà tí àwọn ará Jàpáànì ń gbà kọ̀wé, apá ọ̀tún rẹ̀ bá apá òsì mu rẹ́gí, nítorí náà bí a gbẹ́ ẹ ní òdì, bí a kò gbẹ́ ẹ ní òdì, bákan náà ni yóò jáde. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdàkejì ni tiwọn jáde lórí ìwé. Ọmọ náà kò mọ̀ pé òdì ni à ń gbẹ́ òǹtẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí pé irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí i ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́.

Ó LỌ KỌ́ṢẸ́ NÍ TOKYO

Ní ọdún 1922, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó rí ìpolówó ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tí ń jẹ́ Art Shokai nínú ìwé ìròyìn. Ó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ wá kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gbà á. Baba rẹ̀ mú un lọ sí Tokyo, ó fi í lé ọ̀gá ibẹ̀, Yuzo Sakakibara, lọ́wọ́.

Ohun tí ojú ọmọ iṣẹ́ ń rí nílẹ̀ wa níhìn-ín ni ojú Honda rí lọ́hùn-ún. Kò kan sípánà. Ọmọ ọ̀gá ni wọ́n gbé fún un pé kí ó máa pọ̀n, ilẹ̀ ni wọ́n ní kí ó máa gbá. Bí ọmọ náà bá tọ̀ sí i lẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó tún ya àwòrán ayé sẹ́yìn. Ó rò ó pé kí òun sá padà sílé, ṣùgbọ́n ó rántí àwọn òbí rẹ̀, ó sì mú sùúrù. Bí ó ti ń pọn ọmọ náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ́ńjìnnì tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iṣẹ́ pọ̀ ní ọjọ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi ní kí òun náà wá dá sí i. Láti ọjọ́ náà ni a ti rọra gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo àti agbègbè rẹ̀, iná sì sọ. Àwọn tí ó bá ìjàǹbá náà lọ lé ní 100,000. Iná dé ṣọ́ọ̀bù Sakakibara. Honda, tí kò wa ọkọ̀ rí, fò sínú ọkọ̀ oníbàárà kan, ó sì wà á jáde kúrò nínú ewu. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ padà sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n Honda dúró ti ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ̀ tí iná ti jó ni wọ́n ń tún ṣe: wọ́n ń na irin tí ó ti ká, wọ́n ń wá igi tuntun sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí iná ti jẹ. Nínú wàhálà yìí ni ó ti mọ inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni mowó.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi ń rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ìlú Morioka ní apá àríwá, ọkọ̀ panápaná kan bàjẹ́, Honda ni a rán sí wọn. Nígbà tí wọ́n rí ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, ojú wọn fà ro, ìyẹ̀wù tí kò jọjú ni wọ́n sì fi í wọ̀ sí. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó tò ó padà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Láti ìgbà náà ni ìkíni ti yí padà.

Sakakibara fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì bàálù Curtiss sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, Honda sì bá wọn ṣe é. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1924, Shinichi, àbúrò Sakakibara, wa ọkọ̀ náà, Honda jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì rẹ̀, wọ́n sì gba ipò kìíní.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1928, ọ̀gá rẹ̀ tú u sílẹ̀. Àwa níhìn-ín ì bá ní ó ṣe fíríìdọ̀mù. Sakakibara gbà á láyè láti fi orúkọ Art Shokai dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Hamamatsu. Nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Honda nìkan ni ó ṣe irú èyí fún.

OHUN TÍ ỌWỌ́ RẸ̀ MỌ̀

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á mọ irú ìmọ̀ tí ó gbé padà wá sí Hamamatsu. Iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ sípánà nìkan. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ etí ni, iṣẹ́ imú sì ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò jí, mẹkáníìkì yóò yọ pọ́lọ́ọ̀gì wò bóyá iná ń ta lẹ́nu rẹ̀. Bí iná bá ń ta, yóò tú kabúrétọ̀ wò bóyá ìdọ̀tí ti dí ojú ihò rẹ̀. Bí èéfín dúdú bá ń rú, epo bẹntiróòlù ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bí èéfín náà bá dà bí omi aró, ọ́ìlì ti ń bá epo jó, a jẹ́ pé ríǹgì ti jẹ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í pẹ́ kọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wọ ọwọ́.

Tirẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pátápátá, ó sì fi àpá sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ń lu, ọwọ́ òsì ni ń di nǹkan mú. Nítorí náà òsì ni òòlù àti ẹ̀rọ ń bà. Nígbà tí ó dàgbà, a máa nawọ́ òsì náà jáde, a sì máa sọ ìtàn àpá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbèrú. Nígbà náà igi ni sípóòkì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Honda fi irin rọ́pò igi, ó sì gba ìwé-àṣẹ pé òun ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1935 ó gbé Sachi níyàwó. Ní ọdún 1936, òun àti Benjiro àbúrò rẹ̀ wọ eré ìje ọkọ̀ ní Tamagawa. Ọkọ̀ wọn gbókìtì, àwọn méjèèjì sì fara pa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó le jù.

Ọ̀RỌ̀ RÍǸGÌ

Nínú ẹ́ńjìnnì, pisitíìnì a máa lọ sókè-sódò nínú sílíńdà. Kò gbọdọ̀ fún jù, kí ó má baà há. Kò sì gbọdọ̀ gbòòrò jù, kí agbára iná má baà jò lọ. Ríǹgì irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí pisitíìnì ká ni ó ń dí àlàfo náà. Kò ju òrùka lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá dára, ẹ́ńjìnnì ńlá di adámú. Ó sú Honda láti máa tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe títí ayé; ó fẹ́ ṣe nǹkan tirẹ̀, ríǹgì ni ó sì mú.

Ó rò pé ẹni tí ó ti yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ríǹgì lára pisitíìnì yóò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń yọ́ irin lóru, ó ń dà á, ó ń rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ríǹgì tí ó ń jáde le gbagidi, kì í tẹ̀ kó tún padà. Kì í délé mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni ń wá gé irun rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó tán, ó sì kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ lọ dógò. Ó lọ bá àwọn tí ń yọ́ irin, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà gbà.

Níkẹyìn ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà ní Hamamatsu, ó sì gbé ríǹgì rẹ̀ fún olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Takashi Tashiro. Olùkọ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún un pé sílíkọ̀n tí ó wà nínú irin náà kò tó. Ohun tí Honda kò mọ̀ ni pé ó yẹ kí nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Irin kò ní òórùn sílíkọ̀n tí imú lè gbọ́. Kò ní ohùn tí etí lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ìgbà èwe ni ó padà dé yìí: ọwọ́ yá, ìmọ̀ kò bá a.

Ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́mọdé gbọ́ ẹ̀kọ́, ó sì ń padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ dán an wò. Ohun tí ó bá kan ríǹgì nìkan ni ó ń kọ sílẹ̀. Kò jókòó ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Èsì tí ó fọ̀ ni pé ìwé-ẹ̀rí kò tó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, nítorí pé ẹni tí ó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì dání yóò kúkú rí ìjókòó. Síbẹ̀ kò yé lọ sí kíláàsì.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé àádọ́ta ríǹgì lọ fún ilé-iṣẹ́ Toyota kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, mẹ́ta péré ni ó yege. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn-àjò káàkiri yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ irin, ó ń béèrè, ó ń wò. Lẹ́yìn èyí ni ríǹgì rẹ̀ tó di ohun tí Toyota ń rà.

OGUN ÀTI Ẹ̀RỌ KÉKERÉ

Ogun Àgbáyé Kejì dé. Honda bá ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ogun bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yòókù. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, ó ṣe ẹ̀rọ tí ó mú kí ríǹgì ṣíṣe rọrùn fún àwọn obìnrin tí ó rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n ogun kì í mú ire wá. Bọ́ǹbù àwọn ará Amẹ́ríkà ba ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1945, ilẹ̀ mì, ó sì wó òmíràn. Ó ta ìyókù fún Toyota, ó jókòó sílé fún nǹkan bí ọdún kan, ó ń fun fèrè, ó ń mutí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1946, ó dá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sílẹ̀ ní Hamamatsu. Nígbà náà nǹkan le ní ilẹ̀ Jàpáànì. Ọkọ̀ ojú irin kún àkúnya, oúnjẹ wọ́n, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ń wá oúnjẹ lọ sí oko. Ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Honda rí ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun fi ń pèsè iná fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn. Ogun ti parí, ẹ́ńjìnnì náà kò níṣẹ́. Ní ojú ẹlòmíràn, pàǹtí ni. Ní ojú ọmọ Gihei tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, nǹkan mìíràn ni.

Ó so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi bẹ́líìtì kọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Agolo tí àwọn ará Jàpáànì ń rọ omi gbígbóná sí láti fi mú ibùsùn móoru ni ó kọ́kọ́ fi ṣe táǹkì. Bẹntiróòlù wọ́n, nítorí náà ó po epo tí a fún lára igi mọ́ ọn. Sachi ìyàwó rẹ̀ ni ó ní kí ó gùn ún yíká ìgboro kí àwọn ènìyàn lè rí i pé obìnrin náà lè wà á. Nígbà tí Sachi padà dé, ó fi ṣòkòtò rẹ̀ han ọkọ: epo ti ta sí i. Kabúrétọ̀ ni ó ń pọ epo sẹ́yìn. Ẹjọ́ tí oníbàárà máa ń rò fún mẹkáníìkì gan-an ni ìyàwó rò fún un, ó sì wá ojútùú sí i.

Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 500 ni ó rí rà. Gbogbo rẹ̀ ni ó tú, tí ó tún ṣe, tí ó sì tà. Àwọn oníbàárà ń wá láti ìlú òkèèrè. Nígbà tí wọ́n tán, kò sí ohun tí ó kù ju pé kí ó ṣe tirẹ̀ lọ, èyí sì ni ẹ́ńjìnnì tí a pè ní A-Type tí ó jáde ní ọdún 1947. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, ó fi mílíọ̀nù kan yẹ́nì dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

IGI KAN KÌ Í DÁ IGBÓ ṢE

Honda mọ ẹ̀rọ, kò mọ owó. Ní ọdún 1949 ni Takeo Fujisawa dara pọ̀ mọ́ ọn. Fujisawa kò mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni Honda kó lé e lọ́wọ́, òun sì kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 1954, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé-iṣẹ́ náà lulẹ̀. Bí Fujisawa ti ń bẹ àwọn olówó, bẹ́ẹ̀ ni Honda ń wá àrùn tí ó ń ṣe alùpùpù tí àwọn oníbàárà ń dá padà. Ìdí kabúrétọ̀ ni ó tún ti rí i. Kò yé mi bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ní iṣẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti iṣẹ́ mẹkáníìkì kò lè gbé inú ènìyàn kan náà.

Ní ọdún 1958 ni wọ́n gbé Super Cub jáde. Sílíńdà rẹ̀ kò ju 50 cc lọ. Wọ́n ṣe kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kí ó máa dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri fún olóúnjẹ lè fi ọwọ́ kan gbé àwo, kí ó fi ọwọ́ kejì wa alùpùpù. Alùpùpù yìí tàn dé gbogbo ayé; nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe ti pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ní ọdún 1961, alùpùpù Honda gba ipò kìíní dé ipò karùn-ún nínú ìdíje méjì ní Isle of Man. Ní ọdún 1965 ni jẹnẹrétọ̀ kékeré E300 jáde, ẹ́ńjìnnì kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀ nídìí iná mànàmáná sì tún padà sídìí rẹ̀. Àwa náà rí nínú rẹ̀: ní ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù Honda sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ọ̀tà ni wọ́n sì fi í sí.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹni tí kò ní àléébù. Inú rẹ̀ a máa tètè ru. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe àìbìkítà, sípánà tàbí ọwọ́, èyí tí ó bá yá ni yóò fi bá a. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ni ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun náà kọ́ èyí tí ó le jù, ti ríǹgì, láìsí pé ẹnì kan lù ú.

ÀGBÀ GBÀ FÚN ỌMỌDÉ

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbóná, ó sì gbọdọ̀ rí ohun tí yóò tù ú lára. Honda gbà pé atẹ́gùn nìkan tó. Ó ní bí a bá fi omi tu ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn náà ni a óò tún fi tu omi. Kí ni a wá ń fi omi ṣe? Fún ẹ́ńjìnnì alùpùpù, òótọ́ ni. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Ní oṣù keje ọdún 1968, ọkọ̀ ìje kan tí a fi atẹ́gùn tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbiná ní Rouen ní ilẹ̀ Faransé, awakọ̀ rẹ̀, Jo Schlesser, sì kú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ H1300 tí ó jáde ní ọdún 1969, atẹ́gùn náà ni a fi tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó wúwo, ó sì nira láti ṣe.

Ní ọdún 1970, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin tí ó le lórí èéfín ọkọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn ọmọ yunifásítì, mọ̀ pé bí a kò bá fi omi tu ẹ́ńjìnnì, a kò lè káwọ́ èéfín náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọ̀gá? Fujisawa ni wọ́n lọ bá. Fujisawa bi Honda léèrè èyí tí ó fẹ́ jẹ́: olórí ilé-iṣẹ́ ni, tàbí ẹni tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì? Honda rò ó, ó ní òun yóò jẹ́ olórí. Èyí túmọ̀ sí pé kí àwọn ọmọdé máa ṣe é bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tí wọ́n ṣe ni ẹ́ńjìnnì CVCC tí a fi han ayé ní ọdún 1972, èyí tí ó kọ́kọ́ yege òfin náà. Inú Honda dùn, ó ní àǹfààní ti dé láti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà du ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ náà dá a lóhùn pé kì í ṣe ìyẹn ni àwọn ń lé. Nítorí àwọn ọmọ àwọn tí yóò mí afẹ́fẹ́ náà ni àwọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ó mọ̀ pé ìgbà ti kọjá lórí òun.

Ní ọdún 1973, òun àti Fujisawa fi iṣẹ́ sílẹ̀ pọ̀. Kò fi ọmọ rẹ̀ jọba. Kiyoshi Kawashima ni ó jókòó sí ipò rẹ̀, ẹni tí ó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún 1947. Ilé-ẹ̀kọ́ Hamamatsu tí ó yọ orúkọ Honda kúrò ní ọjọ́sí ni Kawashima ti jáde.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Lẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó rin gbogbo ilẹ̀ Jàpáànì láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé-iṣẹ́ gbogbo. Ní ibì kan, mẹkáníìkì kan fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rí i pé epo ti kún ọwọ́ òun, ó sì fẹ́ sá lọ fọ̀ ọ́. Honda kò jẹ́. Ó di ọwọ́ elépo náà mú, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí imú, ó ń gbóòórùn rẹ̀, bí ọjọ́ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́kọ́ wọ abúlé wọn. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ó kú, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ má ṣe ṣe ìsìnkú ńlá fún òun, kí ọkọ̀ má baà dí ọ̀nà àwọn ènìyàn.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò kọ ìtàn yìí láti rọ ẹnikẹ́ni pé kí ó sá fún ìdánwò o. Àwọn olùkọ́ wa ń ka ìwé yìí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ ọ́ láti pọ́n àwọn mẹkáníìkì wa lé lásán. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Honda dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ní àkọ́kọ́, ó lọ jókòó sẹ́sẹ̀ ẹni tí ó mọ̀wé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó yẹra fún àwọn tí ó mọ̀wé kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Àwa tí a ń kàwé, ìgbà mélòó ni a ti jókòó lẹ́bàá ọmọ iṣẹ́ tí ń tú kabúrétọ̀, kí á béèrè ohun tí ó ń gbọ́ nínú ẹ́ńjìnnì? Ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa fi ń pe àìsàn ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá pọ̀ jọjọ. Mélòó ni a ti kọ sílẹ̀ nínú wọn? Bí ọwọ́ tiwọn kò bá tó pẹpẹ, ọwọ́ tiwa náà kò wọ kèrègbè. Ìgbà tí a bá gbà fún ara wa ni ohun tí ó wà lórí pẹpẹ àti èyí tí ó wà nínú kèrègbè yóò tó gbogbo wa lọ́wọ́.